Láti Inú Àmù dé Inú Igbó: Ìtàn Ìwádìí Ibà Pọ́njú ní Yaba

Orúkọ tí Yorùbá fún àrùn sábà máa ń jẹ́ orúkọ ohun tí ojú rí lára aláìsàn. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni ibà pọ́njú. Ibà ni, ó sì ń mú ẹyinjú pọ́n, nítorí pé pípọ́n nínú èdè wa gba àwọ̀ ìyeyè mọ́ra pẹ̀lú àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan a máa fi ti ìtọ̀ kún un, wọn a pè é ní pọ́njú-pọ́ntọ̀. Gẹ́gẹ́ bí àpèjúwe, orúkọ náà péye. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó ya àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn àrùn ẹ̀dọ̀ yòókù tí ó ń mú ojú pọ́n bákan náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àbùkù èdè Yorùbá ni èyí. Títí di 1927, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní London àti New York kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti fara hàn kedere ni Yaba ní Èkó, nínú ilé ìwádìí kan tí kò jìnnà sí oríta tí a ń pè ní Ojú Ẹlẹ́gbà lónìí.

Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ròyìn ilé ìwádìí yìí, ìtàn akọni ni wọ́n ń fi ṣe: òyìnbó wá, òyìnbó wádìí, òyìnbó kú sẹ́nu iṣẹ́. Kò sí irọ́ nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé apá kan nínú iṣẹ́ Yaba, èyí tí àwọn tó ń sọ ìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka sí, ni ó tọ́jọ́ jù, ìyẹn ìbéèrè nípa ibi tí àrùn náà ń gbé nígbà tí kò bá sí nínú ènìyàn. Ìbéèrè nípa òjò, igi, omi inú ilé àti ẹranko igbó ni. Ìbéèrè yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèwálé Tomori, ọmọ Yorùbá tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dókítà ẹran, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ lé lórí.

Ní 1925 ni ìgbìmọ̀ tí Àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán wá fi Èkó ṣe ibùjókòó. Henry Beeuwkes ni olórí wọn, dókítà ológun tí ó ti bójú tó ètò ìlera fún àwọn Amẹ́ríkà tí ó lọ ran Rọ́ṣíà lọ́wọ́ nígbà ìyàn. Wọ́n gbé èrò kan lọ́wọ́ wá. Carlos Finlay ti sọ ní Cuba ní 1881 pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà pọ́njú kiri. Walter Reed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn ní 1900. William Gorgas sì ti fi ìmọ̀ náà gba Havana àti Panama lọ́wọ́ àrùn yìí. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí dì mú ni pé ìlú ńlá ni ibà pọ́njú ń fi ṣe ilé, pé ẹ̀fọn kan ṣoṣo, Aedes aegypti, ni ó ń gbé e, àti pé bí a bá da omi tí ẹ̀fọn náà ń yé sí nù ní àwọn ìlú tí ó jẹ́ orísun àrùn, àrùn yóò pòórá láyé. Gorgas fúnra rẹ̀ ń bọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1920 nítorí iṣẹ́ yìí kí àìsàn tó dá a dúró ní London, tí ó sì kú síbẹ̀.

Ìdènà àkọ́kọ́ tí Beeuwkes bá pàdé kì í ṣe ti ẹ̀fọn. Hideyo Noguchi, ọmọ Japan tí òkìkí rẹ̀ kàn ní New York, ti kéde ní 1919 pé òun ti rí kòkòrò tí ó ń fa ibà pọ́njú, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Leptospira icteroides. Àwọn tí ó wà ní Yaba wá kòkòrò náà títí nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Wọ́n gún àwọn ẹranko kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní guinea pig ní abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ yìí léraléra. Wọn kò rí nǹkan kan. A ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí: kòkòrò tí Noguchi rí jẹ́ ti àrùn mìíràn tí eku ń tọ̀ sínú omi, èyí tí òun náà ń mú ojú pọ́n. Ìṣòro tí ó wà nínú orúkọ Yorùbá wa ni ó wà nínú awò onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹn náà. Ojú tí ó pọ́n tàn án jẹ.

Adrian Stokes, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́ àrùn ní Guy's Hospital ní London, dé Yaba ní 1927. Ẹni tí irú àṣìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè tètè bá ni, nítorí pé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ó ti ṣe ìwádìí àrùn eku yìí gan-an láàárín àwọn ọmọ ogun tí ó wà nínú kòtò ogun. Ohun tí ó yí iṣẹ́ padà ni pé wọ́n yí ẹranko padà. Dípò ẹranko kékeré, wọ́n kó ọ̀bọ wá, lára wọn ni ẹ̀yà rhesus tí ìran rẹ̀ wá láti Íńdíà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1927, Alexander Mahaffy gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan tí ó ń jẹ́ Asibi, ní Kpeve ní Gold Coast, tí ó wà ní ìlà oòrùn Ghana òde òní. Ìba rẹ̀ kò le púpọ̀, Asibi gbádùn. Ọ̀bọ rhesus tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kú. Láti ara ọ̀bọ yẹn ni wọ́n ti gbé àrùn náà dé ara òmíràn, nígbà mìíràn pẹ̀lú abẹ́rẹ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀fọn. Wọ́n sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà nínú asẹ́ tí kò sí kòkòrò tí maikirosikóòpù ìgbà náà lè fi hàn tí yóò gba inú rẹ̀ kọjá, síbẹ̀ omi tí ó jáde ṣì ń pa ọ̀bọ. Fáírọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe Leptospira.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀bọ. Ẹ̀yà rhesus kú nítorí pé ìran rẹ̀ kò bá ibà pọ́njú pàdé rí; kò sí ibà pọ́njú ní Íńdíà títí di òní. Bí fáírọ́ọ̀sì kan náà bá wọ ara ọ̀pọ̀ ọ̀bọ igbó ilẹ̀ Áfíríkà, àìsàn wọn kì í hàn sójú. Ẹ̀jẹ̀ wọn á gbé e fún ọjọ́ díẹ̀, wọn á sì bọ́. Ìpayà kò sí nínú igbó wa nítorí pé àrùn àti ẹranko ti mọ ara wọn tipẹ́. Nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀bọ Íńdíà àti ọ̀bọ tiwa ni gbogbo ohun tí wọ́n padà mọ̀ nípa igbó wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní 1927, ohun èlò iṣẹ́ lásán ni wọ́n ka ọ̀bọ sí.

Ní oṣù Kẹsàn-án ni ibà mú Stokes. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun fún ọ̀bọ, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun, kí iṣẹ́ má bàa dúró. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 1927, ní ẹni ogójì ọdún. Ìwé tí ó ròyìn àwárí náà jáde ní 1928, orúkọ mẹ́ta sì ni ó wà lórí rẹ̀: Stokes, Johannes Bauer àti N. Paul Hudson. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, Noguchi, tí ó ti wá sí Accra láti gbèjà kòkòrò tirẹ̀, kú nítorí ibà pọ́njú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, William Young tí ó yẹ òkú rẹ̀ wò náà kú. Bauer àti Hudson fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì náà lè gba awọ ara tí kò ní ojú ọgbẹ́ wọlé, èyí tí ó jẹ́ kí a mọ ìdí tí ilé ìwádìí fi di ibi ewu.

A ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo ìtàn yìí, orúkọ ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo ni ó gbajúmọ̀, orúkọ aláìsàn sì ni. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni wọ́n ń pè ní ẹ̀yà Asibi títí di òní. Ẹ̀yà yẹn ni Max Theiler àti Hugh Smith tọ́ dàgbà ní New York, tí wọ́n sọ ọ́ di ẹlẹ́rọ̀ títí tí ó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní 1937. Theiler gba Ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí ní 1951. Àwọn tí ó ń bọ́ ọ̀bọ ní Yaba, tí wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀fọn nínú àgò, kò sí orúkọ wọn lórí ìwé àwárí náà.

Ibi tí àwọn òpìtàn ti máa ń fi Yaba sílẹ̀ nìyẹn. Níbẹ̀ gan-an ni ó sì dùn mọ́ wa láti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú Stokes, Bauer bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan tí èrò Gorgas kò fi àyè sílẹ̀ fún: ṣé Aedes aegypti nìkan ni? Ó tọ́ àwọn ẹ̀fọn mìíràn láti orí ẹyin. Ó jẹ́ kí wọ́n mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ tí ó ń ṣàìsàn, ó dúró títí ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì fi ń gbilẹ̀ nínú ẹ̀fọn fi pé, lẹ́yìn náà ó jẹ́ kí wọ́n jẹ ọ̀bọ tí ara rẹ̀ le. Ní 1928 ó kéde pé Aedes luteocephalus àti àwọn mìíràn lè gbé àrùn náà. Cornelius Philip, onímọ̀ nípa kòkòrò tí ó wá láti Amẹ́ríkà, tẹ̀ síwájú níbi tí Bauer dé. Ní 1929 ó fi àwọn ẹ̀fọn mìíràn kún un, Aedes africanus àti Aedes vittatus wà lára wọn. Philip kò pẹ́ ní Èkó. Ó padà sí Amẹ́ríkà, ó sì lo ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ ní Montana lórí eégbọn àti àwọn eṣinṣin tí ń jẹ ẹran. Àwọn tí ó mọ Stokes pọ̀ ju àwọn tí ó mọ Philip lọ. Ní èrò tiwa, bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ibà pọ́njú fi wà láàárín wa di òní, iṣẹ́ Philip àti Bauer ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kà.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀fọn kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó ń yé sí. Aedes aegypti fẹ́ omi tí ó mọ́ lẹ́bàá ènìyàn: àmù, garawa, agolo, àpáàdì tí òjò rọ̀ sí. Aedes africanus àti luteocephalus ń yé sínú ihò igi. Aedes vittatus fẹ́ràn omi tí ó dúró sínú kòtò orí àpáta. Àwọn mìíràn wà tí omi ìwọ̀nba tí ó sinmi síbi tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò tàbí ọ̀pẹ̀yìnbó ti so mọ́ ìtì rẹ̀ ti tó fún. Ẹyin wọn lè gbẹ kanrin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ó má kú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kàn án, tanwíjí á jáde. Àwọn onímọ̀ Yaba tún fi hàn pé ẹ̀fọn tí ó bá ti kó àrùn kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ títí yóò fi kú, ó sì lè lò ju oṣù 3 lọ kí ó tó kú. Bí ooru bá ṣe mú tó ni fáírọ́ọ̀sì ṣe ń yára gbilẹ̀ nínú ẹ̀fọn náà tó. Nítorí náà, òjò, ooru àti irú igi tí ó wà ní ilẹ̀ kan ń bá ènìyàn pinnu ìlera rẹ̀ kí ó tó mọ̀ rárá.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wolé-wolé. Ní Èkó àti ní àwọn ìlú Yorùbá yòókù, ìjọba amúnisìn fi agbára fún àwọn wolé-wolé láti wọ àgbàlá olúwarẹ̀, kí wọ́n ṣí àmù rẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ sí kóòtù bí wọ́n bá rí tanwíjí nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dàgbà ní ìgbà náà tí kò mọ ìjayà tí orúkọ wọn ń dá sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn bá ọgbọ́n mu bí Aedes aegypti nìkan bá ni ọ̀tá. Ṣùgbọ́n kò sí wolé-wolé tí ó lè lọ da omi inú ihò igi ìrókò nù. Ohun tí Philip rí nínú àgò rẹ̀ ní Yaba ti sọ ọ́ pé ìyàwó ilé kọ́ ni ó di gbogbo ẹ̀bi rù, àti pé àrùn náà kò ní parẹ́ bó ti wù kí àmù mọ́ tó.

Ẹ̀rí mìíràn wá láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn. Ẹni tí ibà pọ́njú bá ti ṣe rí, tí ó yè é, omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dáàbò bo ọ̀bọ. Ọgbọ́n yìí ni Beeuwkes, Bauer àti Mahaffy lò láti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1930. Àjẹsára ibà pọ́njú wà lára àwọn ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ibi, títí kan ibi tí kò sí àkọsílẹ̀ àjàkálẹ̀ rí. Èrò pé àrùn òyìnbó ni, tí ọmọ Áfíríkà kì í ní, wó lulẹ̀. Ọmọdé wa ń ní in, àwọn kan ń kú, àwọn yòókù ń yè, wọ́n sì ń pè é ní ibà lásán. Nígbà tí Fred Soper sì rí ibà pọ́njú ní Brazil ní 1932 níbi tí kò sí Aedes aegypti rárá, ayé gbà pé igbó ni orísun. Mahaffy, tí ó gba ẹ̀jẹ̀ Asibi, lọ sí Entebbe ní Uganda ní 1936 láti darí ilé ìwádìí tuntun, níbi tí wọ́n ti rí bí àrùn náà ṣe ń yí ká láàárín ọ̀bọ àti ẹ̀fọn orí igi.

Ìgbìmọ̀ Rockefeller kúrò ní Yaba ní 1934, iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì sì tún padà síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Láti Yaba ni F. N. Macnamara ti ròyìn ní 1954 nípa fáírọ́ọ̀sì Zika nínú ènìyàn ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, nígbà tí púpọ̀ nínú ayé kò tíì gbọ́ orúkọ náà. Ní 1956, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì kan tí ó bá ti dìgbòlugi tan nínú àdán tí ń jẹ èso ní Erékùṣù Èkó. Yaba kan náà ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún orílẹ̀-èdè yìí: ti ṣọ̀pọ̀ná, ti dìgbòlugi, àti ti ibà pọ́njú. A ó padà sórí èyí.

Àárín iṣẹ́ náà ṣí lọ sí Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960. Níbẹ̀ ni a ti bá Oyèwálé Tomori pàdé. Ó gba oyè dókítà ẹran ní Ahmadu Bello University ní Zaria ní 1971, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1976. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1981. Ohun tí ó yàtọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ẹranko ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ènìyàn a máa dúró de aláìsàn nílé ìwòsàn. Dókítà ẹran mọ̀ pé kí ènìyàn tó ṣàìsàn, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ nínú oko tàbí nínú igbó. Òun àti Fabiyi ṣe ìwádìí fáírọ́ọ̀sì Orungo tí ẹ̀fọn ń gbé. Ó ṣiṣẹ́ lórí ibà Lassa, tí eku tí ń wọlé ń gbé kiri, tí ó sì máa ń gbóná jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti 1994 sí 2004 ni ó fi jẹ́ onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹkùn Áfíríkà, tí ó sì kópa nínú dídá àwọn ilé àyẹ̀wò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ káàkiri. Lẹ́yìn náà ni ó di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún Redeemer's University, títí di 2011, tí ó sì padà jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà.

Ìgbà tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn ni ohun tí Yaba ti rí nínú àgò ní 1929 ṣẹlẹ̀ ní gbangba. Ní 1986, ibà pọ́njú pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Oju ní Ìpínlẹ̀ Benue. Ẹ̀fọn inú igbó, Aedes africanus, ni wọ́n dì í mọ́ lọ́rùn. Ní oṣù Kẹrin àti Karùn-ún 1987, ó dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Níbẹ̀, ẹ̀fọn inú ilé ni, Aedes aegypti, tí ó ń yé sínú omi tí àwọn ènìyàn tọ́jú nítorí pé omi wọ́n. Ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìkòkò tí wọ́n fi la ẹ̀ẹ̀rùn já ṣì kún nínú ilé. Láàárín oṣù díẹ̀, igbó àti àmù jọ fi ara hàn nínú orílẹ̀-èdè kan. Ohun tí ó so ibi méjèèjì pọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kú kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, bẹ́ẹ̀ ni ó ti pé àádọ́ta ọdún tí abẹ́rẹ́ náà ti wà. Nínú ìwé tí Tomori kọ ní 2004, ó pe ibà pọ́njú ní àjàkálẹ̀ tí ń padà wá. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba léraléra pé orílẹ̀-èdè tí kò lè ṣe abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ti fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Ní 1991 ni ilé tí wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ ní Yaba dá iṣẹ́ dúró, kí wọ́n lè tún un ṣe. Iṣẹ́ kò padà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, abẹ́rẹ́ 17D, ọmọ inú ẹ̀jẹ̀ Asibi tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní Yaba, ń ti òkè òkun wá sí Nàìjíríà. Àyíká Yaba fúnra rẹ̀ ti yí padà. Láti Ojú Ẹlẹ́gbà dé Mushin, àmù ti di ike àti táǹkì, táyà àlòkù sì kún ẹ̀bá ọ̀nà àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe. Bí omi òjò bá ti dúró sínú táyà, Aedes aegypti kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ihò igi. Wolé-wolé kò wọ́pọ̀ mọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, lẹ́yìn ogún ọdún ó lé tí wọn kò ti rí ibà pọ́njú kan tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n rí i lára ọmọdébìnrin ẹni ọdún 7 kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí. Àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sí Institut Pasteur ní Dakar, kí wọ́n lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ibà pọ́njú ni.